Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà, Ìgò Kan Ò Tó Òmùwẹ̀

Okun ni wọ́n ń pè wá, àmọ́ a ò ní òkun. Bí a ṣe ń kí ara wa ni wọ́n fi sọ wá lórúkọ, kì í ṣe omi iyọ̀. Ní Mopa níbí, òkè àti oko ló yí wa ká. Ẹni tó bá fẹ́ rí omi ńlá gbọ́dọ̀ gba Kàbà kọjá títí yóò fi dé Lọ́kọ́jà, níbi tí odò Ọya ti pàdé odò Bẹ́núé. Ẹ lè wá bi wá pé kí ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ àwọn tó ń gbé ìgò afẹ́fẹ́ sẹ́yìn wọ abẹ́ omi lọ.

Ó kàn wá. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, ọkọ̀ ojú omi kan gbéra láti ìpínlẹ̀ Kogí wa yìí, ó ń gbé èèyàn lọ sí ọjà kan ní ìpínlẹ̀ Niger, ó sì dojú dé lórí odò Ọya. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn. Ó kéré tán, òkú 27 ni wọ́n kọ́kọ́ rí gbé jáde. Ta ló wọ omi lọ wá àwọn yòókù? Àwọn òmùwẹ̀ àdúgbò ni. Láti ìgbà yẹn la ti ń bá ara wa jiyàn lórí ohun tó yẹ kí ẹni tó ń wọ abẹ́ omi gbé dání. Àwọn kan nínú wa ní ìgò kan tó, tí ó bá ti mọṣẹ́. Àwa tó ń kọ èyí ò gbà rárá.

Ohun tí à ń sọ ò le. Ẹnikẹ́ni tó bá máa gbé ìgò afẹ́fẹ́ wọ abẹ́ omi gbọ́dọ̀ gbé ìkejì dání, kékeré ni o, ńlá ni o. Ìkejì yẹn gbọ́dọ̀ dá dúró, kó ní ẹnu ìmí tirẹ̀ àti gééjì tirẹ̀. Kì í ṣe pé tó bá wù ú. Dandan ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìgò onílítà 12 tí wọ́n rọ kún dé 200 bar ní afẹ́fẹ́ lítà 2,400 nínú. Bí èèyàn bá ń mí lítà 20 ní ìṣẹ́jú kan, á gbé e fún wákàtí méjì lórí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n omi wúwo. Bí òmùwẹ̀ bá dé mítà 10, ìlọ́po méjì afẹ́fẹ́ ló ń lò. Bó bá dé mítà 30, ìlọ́po mẹ́rin ni. Wákàtí méjì ti di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nìyẹn. Ẹ wá fi ẹ̀rù kún un. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ já á máa mí ní ìlọ́po méjì, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú á di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìgò ò jò, ẹnikẹ́ni ò ṣẹ̀, àmọ́ afẹ́fẹ́ ti ń tán lọ.

Àwọn ọ̀rẹ́ wa ní: "Kó yáa sáré gòkè nígbà náà!" Ẹ rọra o. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró á máa fẹ̀ sí i bí èèyàn ṣe ń gòkè. Ẹni tó bá sé èémí mọ́nú tó sì sáré, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lè ya. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń gòkè, nǹkan bíi mítà 10 ní ìṣẹ́jú kan. Láti mítà 30, ìṣẹ́jú mẹ́ta gbáko nìyẹn. Ìgò kékeré onílítà 3 ní lítà 600 nínú. Kódà kí ẹ̀rù máa ba òmùwẹ̀, kó máa mí lítà 40 dípò 20, nǹkan bíi lítà 300 ló máa lò láti gòkè. Á ṣẹ́ kù. Ohun tó kéré tó báyìí ni wọ́n ní ó ti wúwo jù láti gbé.

Àwíjàre àkọ́kọ́ tí wọ́n mú wá ni pé ẹni tó mọṣẹ́ ń wo gééjì rẹ̀, afẹ́fẹ́ ò lè tán mọ́ ọn lójijì. Àwọn àgbà ti dá wọn lóhùn tipẹ́: òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Ẹni tí kò mọ omi, etí odò ló máa dúró sí. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ló ń wọ inú rẹ̀ lọ jìnnà, òun náà ni àwọ̀n máa ń há mọ́ lẹ́sẹ̀, òun náà ni rọ́bà ẹ̀rọ lè já mọ́ lẹ́nu. Gééjì ò lè sọ fún yín pé rọ́bà fẹ́ já.

Àwíjàre kejì ni pé èèyàn méjì ló ń wọlẹ̀ pọ̀, kí ọ̀kan mí nínú ìgò ìkejì. Ó dáa, ẹ wọ odò Ọya lásìkò òjò kẹ́ ẹ wá sọ bóyá ẹ rí ọwọ́ ara yín, ká tó sọ pé ẹ máa rí ọ̀rẹ́ yín. Bẹ́ ẹ bá sì rí i, ìgò tí wọ́n ṣírò fún ẹnì kan ni ẹni méjì tí ẹ̀rù ń bà máa pín mu. Ẹnu ìmí kejì tí àwọn míì ń so mọ́ ìgò wọn ò yí ìyẹn padà. Ẹnu méjì lórí ìgò kan ò sọ ọ́ di ìgò méjì. Tí kànga bá gbẹ, korobá méjì ò lè fa omi jáde.

Àwíjàre kẹta ló le jù, a ò ní fojú fò ó. Wọ́n ní ìkejì náà ń tán. Wọ́n mú ọ̀rọ̀ Chris Lemons wá, òmùwẹ̀ tí rọ́bà tó ń gbé afẹ́fẹ́ wá fún un láti inú ọkọ̀ já ní Òkun Àríwá, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2012. Ìgò sípíà wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìṣẹ́jú mélòó kan ni ó tán, àwọn tó máa yọ ọ́ kò sì tíì dé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ló fi ìṣẹ́jú wọ̀nyẹn ṣe? Ó táràrà nínú òkùnkùn títí tó fi rí ibi iṣẹ́ rẹ̀ padà, ó gun orí irin ibẹ̀, ó sì dùbúlẹ̀ síbi tí wọ́n ti lè rí i. Ibẹ̀ ni ẹnì kejì rẹ̀ ti wá gbé e. Ó yè. Láìsí sípíà, wọn ì bá máa wá òkú kiri.

Tiwa náà ńkọ́? Ẹ rántí Harrison Okene, alásè inú ọkọ̀ Jascon-4, tó rì sínú òkun Nàìjíríà ní ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún ọdún 2013. Èèyàn 12 ló wà nínú ọkọ̀ náà. Òun nìkan ló yè, torí afẹ́fẹ́ díẹ̀ há sí iyàrá kan, ó sì lo nǹkan bí 60 wákàtí nínú rẹ̀, ní ìsàlẹ̀ omi tó jìn tó mítà 30. Òkú ni àwọn òmùwẹ̀ wá gbé tí wọ́n fi bá alààyè. Wọ́n ní láti wá èémí fún un kí wọ́n tó lè mú un jáde, wọ́n sì rí i fún un. Bó bá jẹ́ pé kìkì ohun tó tó wọn lẹ́nu ni wọ́n gbé wá, kí ni wọn ì bá fún un?

Àwọn kan tún wà tó ń sọ pé gbígbé sípíà dání jẹ́ àìnígbàgbọ́, tàbí ojo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Ọlọ́run sílẹ̀ nínú èyí. Àgbà agbẹ́kànga a máa sọ àtùpà tó ń jó kalẹ̀ sínú kànga àtijọ́ kó tó wọ̀ ọ́. Bí iná bá kú, kò ní wọlé. A ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní ojo. Awakọ̀ tó ń ti Mopa lọ sí Lọ́kọ́jà láìní táyà sípíà, kò sí ẹni tó máa pè é ní onígbàgbọ́. Èébú la máa bú u. Bẹ́ẹ̀, táyà tó bẹ́ á jẹ́ kéèyàn dúró létí títì kó máa mí.

Ibi tó dùn wá jù la fẹ́ parí sí. Ọ̀pọ̀ òmùwẹ̀ àdúgbò wa kò ní ìgò kankan, ká tó sọ ìkejì. Èémí àyà wọn ni wọ́n fi ń wọ odò Ọya lọ wá ọmọ ọlọ́mọ. Bí wọ́n bá gbé òkú jáde, a ó pàtẹ́wọ́, a ó pè wọ́n ní akin, a ó fún wọn lówó ọtí, ó parí. Ìjọba tó bá ń ránṣẹ́ pe àwọn èèyàn yìí nígbà tí ọkọ̀ bá rì gbọ́dọ̀ kọ́ wọn níṣẹ́, kó fún wọn ní ìgò méjìméjì, kó sì fi okùn so wọ́n mọ́ ẹni tó wà lókè. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ló ṣáájú o, torí ìgò lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lò lè pa á ju omi lọ.

Àwa náà ní tiwa. Nígbà míì tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ wọ omi níwájú wa, yálà ó gbé ìgò kan sẹ́yìn tàbí kò gbé nǹkan kan, ká má ṣe pàtẹ́wọ́ fún un. Ká dì í mú lápá, ká bi í pé: ìkejì dà?