Ọmọ Tí A Fi Sọ́dọ̀ Alágbàtọ́

Àwọn àgbà ní ẹnìkan ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Orí ọ̀rọ̀ yìí ni àṣà àgbàtọ́ dúró lé, èyí tí àwọn Fọ̀n ń pè ní vidomègon. Ṣùgbọ́n bí ọmọ tí a ní kó lọ kàwé ní Kútọ̀nù bá ń kiri ọjà láti àárọ̀ dalẹ́, àgbàtọ́ ti di oko ẹrú.

Òfin 2006-04 ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ kò gbà kí a mú ọmọ kúrò lọ́dọ̀ òbí rẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ. Òfin nìkan kò tó. Ẹ̀yin òbí, ẹ máa bẹ ọmọ yín wò, kí ẹ sì dá a pè, kí ẹ bi í léèrè bó ti ń sùn, bó ti ń jẹ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má wòran: ojú yín wà nínú igba náà.