Owó Eré Ìdárayá Ló Sáré Jù Nínú Gbogbo Wa

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú risíìtì owó ilé-ìwé yín jáde. Ẹ má wo àpapọ̀ tó wà nísàlẹ̀, torí ìyẹn á kàn ba ọkàn yín jẹ́ ni. Ẹ ka àwọn tí wọ́n tò sókè: owó ìforúkọsílẹ̀, owó ilé ìkàwé, owó ìlera, owó káàdì ìdánimọ̀. Àárín wọn lẹ ó ti rí owó eré ìdárayá. Kò tó nǹkan lójú ẹni tó ń san án. Ṣùgbọ́n ẹ fi iye gbogbo wa sọ ọ́ di púpọ̀, láti ọdún kìíní dé ọdún ìkẹyìn, kí ẹ tún fi iye ọdún tí wọ́n ti ń gbà á sọ ọ́ di púpọ̀. Bí ẹ bá ṣe é tán, ẹ lọ dúró sétí pápá wa kí ẹ wá owó yẹn níbẹ̀.

Èmi wá a, n kò rí i. Koríko ni mo rí, àti ewúrẹ́ méjì.

Àwọn kan ti ń sọ pé wọ́n jí owó náà. N kò sọ bẹ́ẹ̀ o. Ẹni tí kò rí ìwé kò lè pe ẹnikẹ́ni lólè. Ohun tí mò ń sọ tilẹ̀ burú ju olè lọ lójú tèmi: mo ní kò sí ẹni tó lè sọ fún wa ohun tí wọ́n fẹ́ fi owó náà ṣe lọ́dún tó ń bọ̀, ká má tilẹ̀ wá sọ ọdún márùn-ún sí i. Ilé-ẹ̀kọ́ wa kò ní ètò eré ìdárayá. Ìrìnàjò ló ní.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí. Bí wọ́n bá ti kéde pé NUGA ń bọ̀, ojú gbogbo wọn á là. NUGA kì í ṣe nǹkan kékeré. Láti 1966, nígbà tí wọ́n ṣe é ní Yunifásítì Ìbàdàn, ni àwọn yunifásítì ilẹ̀ yìí ti ń pàdé níbẹ̀. Wọ́n á lẹ ìwé mọ́ ògiri: kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n sá, tó mọ̀ ọ́n fò, tó mọ bọ́ọ̀lù gbá, wá fara hàn. Wọ́n á fi ọjọ́ méjì yan èèyàn. Wọ́n á kó wọn sí ibùdó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n á máa fún wọn ní ẹyin. Aṣọ tuntun á dé, bọ́ọ̀sì á dé, àwọn ọ̀gá tí a kò rí létí pápá rí á wọ ṣòkòtò eré wá bá wọn ya fọ́tò. Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀. Bí wọ́n bá gba mẹ́dà, a ó gbọ́. Bí wọn kò bá gbà, kẹ́kẹ́ á pa. Ó di ìgbà tí NUGA mìíràn bá tún dé.

Ìgbà wo ló tún ń dé? Ọdún méjì méjì ló yẹ kó jẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń tẹ̀lé e mọ̀ pé ìdíje yìí kì í bá kàlẹ́ńdà rìn. Ẹ rántí èyí tí UNILAG gbà lálejò ní oṣù kẹta 2022. ASUU ti da iṣẹ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún náà, wọn kò sì padà títí di oṣù kẹwàá. Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wà ní títì, pápá ṣí. Eléré tó jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá pè é ní ibùdó nìkan ni kọ́ọ̀ṣì máa ń rí i, ilé ìyá rẹ̀ ló wà lásìkò yẹn, níbi tó ti ń ta kárà. Ta ló kọ ohun tí yóò máa ṣe lójoojúmọ́ nílé fún un? Bí ètò bá wà, kọ́ọ̀ṣì á ti kọ ọ́ kí ìyanṣẹ́lódì tó bẹ̀rẹ̀, torí pé ìyanṣẹ́lódì kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa.

Akẹgbẹ́ wa kan wà. N kò ní dárúkọ rẹ̀ torí kò rán mi níṣẹ́. 400 mítà ló ń sá, ó sì ń sá a dáadáa. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ní ibùdó, iṣan ẹ̀yìn itan rẹ̀ fà ya. Wọ́n fi ìpara gbígbóná ra á, wọ́n ní kó sinmi. Nígbà tó dé ilé ìwòsàn, wọ́n ní kó san owó kó tó rí dókítà, ọmọ tó jẹ́ pé aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ ló wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tó fara pa! Bí ó ṣe ń tiro bọ̀ láti ibẹ̀ ni ìdánwò kan ti kọjá lọ. Olùkọ́ ní òun kò rí lẹ́tà kankan pé ó wà ní ibùdó. Òótọ́ ni olùkọ́ sọ. Ẹnikẹ́ni kò kọ ọ́. Báyìí ni ọmọbìnrin yìí ṣe sáré fún wa, tó gba ẹsẹ̀ dídùn, tó tún gba carry-over lé e.

Mo wá béèrè pé ta ló yẹ kó lọ bá. Wọ́n ní ìgbìmọ̀ eré ìdárayá wà. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ni alága, àwọn ọ̀gá láti ọ́fíìsì kan sí òmíràn ni ọmọ ìgbìmọ̀, wọ́n sì fi àyè kan sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́, ìyẹn aṣojú SUG lórí eré ìdárayá. Mo lọ bá aṣojú wa. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti búra fún òun, wọn kò pe òun sí ìpàdé kankan rí. Ohun tí wọ́n máa ń pe òun fún ni kí òun wá ka iye aṣọ tó dé. Aṣojú wa ti di akáṣọ!

Àwọn kan á sọ pé ìṣàkóso irú nǹkan báyìí ṣòro, pé kì í ṣe ohun tí ọmọdé lè lóye. Kò burú. Kí ẹni náà bá mi ká lọ sí Àgọ́ Aláyé níbi tí mo ti wá, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òdìgbò, kò jìnnà sí Ọ̀rẹ̀. Lásìkò Kérésìmesì, bí àwọn ọmọ ìlú bá ti wálé láti Èkó, àdúgbò kọ̀ọ̀kan máa ń kó ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù jọ. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò rẹ̀ nígbà tí mò ń dàgbà kò ju èèyàn méje lọ: mẹkáníìkì kan, bàbá kan tó ń la pákó, ẹni tó ń ra kòkó, ìyá olóúnjẹ kan tí gbogbo wa ń bẹ̀rù, àtàwọn ọmọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n jẹ́ agbábọ́ọ̀lù fúnra wọn. Ìwé kékeré tí ọmọ iléèwé ń lò ni wọ́n ń kọ owó sí. Kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù ìkẹyìn, akápò á dìde láàárín pápá, á ka gbogbo rẹ̀ síta: ohun tó wọlé, ohun tó jáde, ẹni tó gbà á. Lọ́dún kan, ₦1,500 owó ẹfun tí wọ́n fi ń fa ìlà pápá kò bá àkọsílẹ̀ mu. Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀! Wọn kò jẹ́ kí wọ́n fọn fèrè títí akápò fi ránṣẹ́ pe ẹni tó ta ẹfun wá láti wá sọ iye tó gbà. Ìyá olóúnjẹ ló dúró lé e lórí.

Ohun tí n kò lè gbàgbé níbẹ̀ ni pé kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀ rárá ni wọ́n ti máa ń ya owó oníṣègùn egungun sọ́tọ̀. Wọ́n mọ̀ pé ẹsẹ̀ á yẹ̀. Wọn kò mọ ẹsẹ̀ ta ni, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ẹsẹ̀ ẹnì kan á yẹ̀. Kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n kankan láàárín wọn o.

Ní báyìí, bí a bá sọ̀rọ̀ báyìí, Amẹ́ríkà ni wọ́n máa ń nawọ́ sí. Wọ́n á ní ṣebí Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, yunifásítì ìlú El Paso ní Texas ló ti dàgbà nínú eré rẹ̀. Òótọ́ ni. Ibẹ̀ ló wà nígbà tó gba ipò kìíní láàárín gbogbo yunifásítì wọn ní 2017 nínú eré 100 mítà onífífo igi, kó tó wá sá a ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12 ní Eugene ní oṣù keje 2022, tí kò sí obìnrin kankan láyé tó tíì sá a yá tó bẹ́ẹ̀ rí. Falilat Ogunkoya náà ti gba ọ̀nà Amẹ́ríkà kọjá ṣáájú rẹ̀, ní Mississippi, kó tó gba mẹ́dà méjì ní Atlanta ní 1996. Àwọn ọmọ wa ni wọ́n. Ilẹ̀ wa ni wọ́n ti kọ́kọ́ sáré. Àwọn ẹlòmíràn ló wá fún wọn ní kọ́ọ̀ṣì, oúnjẹ àti ìwé kíkà pa pọ̀, lójú ètò kan náà.

Owó wọn kọ́ ni mo ń wò. Ohun kan wà níbẹ̀ tí kò ná wọn ní nǹkan púpọ̀, òun ni mo fẹ́ kí a jí lò. Láti 1994 ni òfin wọn ti sọ ọ́ di dandan pé kí yunifásítì tó bá ń gba owó ìrànlọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ máa gbé ìṣirò eré ìdárayá rẹ̀ síta lọ́dọọdún: ọkùnrin mélòó, obìnrin mélòó, èló ni wọ́n ná lé àwọn ọkùnrin, èló lé àwọn obìnrin, èló ló wọlé. Ẹnikẹ́ni ló lè kà á. Akẹ́kọ̀ọ́ lè kà á, ìyá akẹ́kọ̀ọ́ lè kà á, èmi gan-an lè jókòó sí Àgọ́ Aláyé kí n kà á. Ti ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ń sanwó fún ni n kò lè kà.

Ẹ má sì rò pé áńgẹ́lì ni wọ́n. Ní Yunifásítì North Carolina, láti 1993 títí dé 2011, kíláàsì ayédèrú wà níbẹ̀ tí kò sí olùkọ́ kankan nínú rẹ̀. Ó ju 3,100 akẹ́kọ̀ọ́ tó gba ibẹ̀ kọjá, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tó jẹ́ eléré. Ọdún 18 ni wọ́n fi ń ṣe é. Ìwádìí tú u síta ní 2014, síbẹ̀ nígbà tó di 2017, àjọ tó ń ṣàkóso eré àwọn yunifásítì wọn kò lè fìyà jẹ ilé-ẹ̀kọ́ náà lórí àwọn kíláàsì yẹn. Owó kún ibẹ̀ o! Pápá wọn dára ju ààfin ọba ẹlòmíràn lọ. Ẹni tó yẹ kó máa béèrè ìbéèrè ni kò béèrè.

Torí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé owó kò tó. Mo mọ̀ pé kò tó. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó ló yẹ kó kọ́kọ́ jókòó kọ ọ́ sílẹ̀. Bí owó bá kéré, kí ló dé tí a fi ń kó èèyàn lọ dije nínú gbogbo eré tó wà láyé, ká lè sọ pé a lọ? Èmi fara mọ́ ọn kí á mú mẹ́rin péré, kí á sọ pé fún ọdún márùn-ún, àwọn mẹ́rin yìí la máa tọ́jú: kọ́ọ̀ṣì tó ń gba owó oṣù rẹ̀ déédéé, ìdíje láàárín ẹ̀ka ìmọ̀ ní sáà kọ̀ọ̀kan, owó dókítà, lẹ́tà sí àwọn olùkọ́ kí ibùdó tó ṣí. Àwọn tó fẹ́ràn eré yòókù á bínú. Èmi náà á bínú bí tẹ́nìsì orí tábìlì kò bá sí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n á jẹ́ ìbínú tó ní ìdí, a ó sì mọ ẹni tí a ó bá jà. Ẹ wo HiFL tó bẹ̀rẹ̀ ní 2018 láàárín àwọn yunifásítì: bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo, déètì tó hàn, wọ́n ń gbá a nílé-lóko. Níbi tí déètì bá wà, ìgbáradì á wà.

Àwọn tó sì ń sọ pé ẹ̀kọ́ la wá kọ́, pé a kò wá sáré, ọ̀rọ̀ wọn kò le. Kí wọ́n yọ owó eré ìdárayá kúrò nínú risíìtì wa lọ́la, n kò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Wọn kò lè máa gbà á kí wọ́n tún máa fi wá ṣẹ̀sín.

Ohun tí a máa ṣe nìyí. Òfin Òmìnira Ìròyìn ti wà ní Nàìjíríà láti 2011. Ó fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀wé béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba, kò sì pọn dandan kó sọ ìdí tó fi fẹ́ ẹ. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti fi dáhùn. Bí ilé ẹjọ́ bá rí i pé wọn kò ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀, ₦500,000 ni owó ìtanràn. Àwọn kan ti ń fi yẹ̀yẹ́ sọ pé òfin Àbújá ni, kò kan ìpínlẹ̀. Ní oṣù kẹrin 2025, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti dá ẹjọ́ pé ó kan gbogbo wọn. Yunifásítì tó ń ná owó ìlú kò sì yàtọ̀.

Lẹ́tà wa ti wà ní títẹ̀, ojú ewé kan péré. Ó béèrè iye owó eré ìdárayá tó wọlé láàárín ọdún márùn-ún tó kọjá, ohun tí wọ́n fi ṣe, orúkọ àwọn ọmọ ìgbìmọ̀, ọjọ́ tí wọ́n ṣèpàdé kẹ́yìn, àti ìwé ètò, bí ọ̀kan bá wà. Kò sí èébú kankan nínú rẹ̀. Mo fi “ẹ̀yin bàbá wa” bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, mo sì kúnlẹ̀ parí rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ sí i, kó wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé wa ní Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn kíláàsì aago mẹ́rin. Kó mú fótókọ́pì risíìtì rẹ̀ dání, torí òun la máa so mọ́ lẹ́tà náà. Ọmọbìnrin tó ń sá 400 mítà ti fọwọ́ sí tirẹ̀.