Ohùn ta ni ó yẹ ọmọdé inú eré àwòrán?

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa mọ Kirikou. Michel Ocelot, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó gbé ní Conakry ní kékeré, ni ó gbé eré àwòrán náà jáde ní ọdún 1998. Láti inú oyún ni Kirikou ti ń sọ̀rọ̀. Kò ga ju orúnkún àgbà lọ, síbẹ̀ òun ni ó dojú kọ Karaba àjẹ́. Ìlú Dakar ni wọ́n ti gba ohùn àwọn òṣèré sílẹ̀. Ọmọdé gan-an ni ó sì sọ̀rọ̀ fún Kirikou.

Kì í ṣe ibi gbogbo ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, obìnrin kan, Nancy Cartwright, ni ó ń sọ̀rọ̀ fún Bart, ọmọkùnrin ọdún 10 inú The Simpsons, láti ọdún 1987. Ìdí rẹ̀ yéni: ohùn ọmọkùnrin a máa yí padà bí ó bá ń bàlágà. Bart kò sì kúrò ní ọmọ ọdún 10 láti ìgbà náà wá. Ọmọ aráyé wo ni ó lè dúró bẹ́ẹ̀?

Ṣùgbọ́n ní ti Kirikou, ọ̀rọ̀ àgbà ni ó ń ti ẹnu ọmọdé jáde. Bí ohùn náà bá tún jẹ́ ti àgbà, ìyanu ibẹ̀ tán. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ fi èdè wa ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ̀, kí àgbàlagbà má ṣe fi ohùn tín-ín-rín sín ọmọdé jẹ. Ọmọ tí ó gbọ́ èdè Yorùbá dáadáa ni kí a wá. Wíwá a ni yóò ṣòro, nítorí nínú àwọn ilé kan, Faransé nìkan ni òbí ń bá ọmọ sọ.