Ẹ Ya Owó Ṣọ́ọ̀bù Sọ́tọ̀ Kúrò Lára Owó Ilé

Tó bá ti di oṣù kẹrin ọdún, wọ́n á máa gbé àpò ọ̀rá tí rìsíìtì kún inú rẹ̀ wá bá mi: ti ọjà, ti epo mọ́tò, ti bàtà ọmọ. Wọ́n rò pé àpò yẹn ni ìṣòro. Lójú tèmi, owó ṣọ́ọ̀bù àti owó ilé tó wà nínú àkáǹtì kan náà ni ìṣòro.

Ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá to ti àtijọ́ tán. Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ ṣí àkáǹtì fún òwò nìkan. Ní alaalẹ́, ẹ kọ iye tó wọlé àti iye tó jáde, bí alájọ ṣe ń sàmì sí káàdì nílé. Ẹ wá máa fi ìwé báǹkì to ti ẹ̀yìn ní oṣooṣù.

Fún ọ̀pọ̀ òwò, bí ọjà tí ẹ tà bá kọjá $30,000 láàárín oṣù 12, dandan ni kí ẹ forúkọ sílẹ̀ fún HST. Ní Ontario, $13 lórí $100 ni. Ẹni tí kò mọ iye tó tà kò ní mọ ìgbà tó kọjá ààlà, àpò ara rẹ̀ ni yóò sì ti san ohun tí kò gbà lọ́wọ́ oníbàárà. Ẹ tọ́jú rìsíìtì fún ọdún 6, nítorí CRA lè béèrè.

Àwọn ìyá wa tí kò kàwé fi èédú fa ìlà gbèsè sára ògiri, wọn kò sì ṣì í kà. Àwa tí a kàwé ńkọ́?