Ìwé Àtijọ́ Kì í Ṣe Bébà Tí À Ń Fi Wé Kúlíkúlí

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwọn àgbà wa ní Kwangila níbí jáde láyé. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ọmọ rẹ̀ tún yàrá ṣe. Wọ́n bá àpótí páànù mẹ́ta lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá, ìwé ló kún inú wọn. Wọ́n pe àwọn tó ń ra bébà àlòkù, wọ́n wọ̀n ọ́n ní kílò-kílò, owó tí wọ́n gbà kò tó ra àpò ìrẹsì kan. A wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, a kò sọ nǹkan kan. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ọ̀kan nínú wa ra kúlíkúlí lẹ́bàá títì, ló bá rí àwòrán ọdẹ lára bébà tí wọ́n fi wé e. Ìwé Fágúnwà ni. Bóyá àtẹ̀jáde àkọ́kọ́ ni, bóyá kì í ṣe òun, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ mọ́, torí ojú ewé tí ọdún wà ti bá tirẹ̀ lọ.

Nítorí náà, kí a tó bá ẹnikẹ́ni wí, àwa náà jẹ̀bi.

Ọ̀pọ̀ ọmọ wa gbà pé bí ìwé bá ti gbó, kí a ra tuntun, ọ̀rọ̀ parí. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ọdún 1938 ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ kọ́kọ́ jáde, ilé ìtẹ̀wé CMS l'Ékòó ló tẹ̀ ẹ́. Ní 1950, ilé iṣẹ́ Nelson tún un tẹ̀, irú èyí sì ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀ nílé ìwé. Ẹni tó bá ní ti 1938 nílé, kó mọ̀ pé ohun tí àwọn tó ń kó ìwé jọ ń wá kiri ló wà lọ́wọ́ òun. Ìwé àtijọ́ náà ló máa fi han ọmọ yín bí àwọn bàbá wa ṣe ń kọ "aiye" àti "enia" kí ìlànà àkọtọ́ tó yí padà ní 1974. (Apá Àríwá yìí náà ni Fágúnwà kú sí. Odò ló gbé e lọ ní Wuya, nítòsí Bídà, ní 1963.)

Ẹ wo ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ. Ní 1899, wọ́n fi èyí tó fọwọ́ kọ ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní Ìlú Ọba, ó di àwátì. Johnson kú ní 1901, kò fojú kan ìwé náà mọ́. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́ kù, tó tún un kọ. Nígbà tí wọ́n fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì ní 1916, àwọn ará Jámánì gba ọkọ̀ ojú omi Appam tó gbé e, ogun ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà, wọ́n gbé ọkọ̀ náà dé Amẹ́ríkà. Ọdún 1921 ni ìwé náà tó jáde. Obadiah fúnra rẹ̀ ti kú ní 1920. Ìwé tó la gbogbo èyí já, ṣé ọwọ́ alákàrà ló yẹ kó parí sí?

Ìtàn Ṣẹ̀gilọlá tí I. B. Thomas ń kọ sínú Akéde Èkó ní 1929, tó di ìwé ní 1930, ṣáájú ti Fágúnwà. Nítorí pé àwọn kan tọ́jú ẹ̀dà àtijọ́ ni Karin Barber fi lè tún un gbé jáde ní 2012.

Ẹ má fojú kékeré wo àwòrán inú ìwé. Zaria wa níbí ni Bruce Onobrakpeya ti kọ́ iṣẹ́ ọnà, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tó di ABU ní 1962. Òun ló ya àwòrán sínú ìwé Fágúnwà tí Wole Soyinka túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, tó jáde ní 1968. Bí ẹ bá gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń di ìwé, tó ya èèpo àti àwòrán dànù kó lè rí páálí tuntun lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ ti bà á jẹ́ nìyẹn.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò le. Ẹ gbé àpótí sórí búlọ́ọ̀kù nítorí ikán, kó má sì fara kan ògiri tó ń rin. Ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ ojú ewé tó ya. Ẹ má sá a sóòrùn. Bí ẹ bá fẹ́ kọ orúkọ bàbá sí i, pẹ́ńsù ni kí ẹ lò, kì í ṣe báírò.

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa tó ń bọ̀, kí ilé kọ̀ọ̀kan mú àkọsílẹ̀ ìwé àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ wọn wá: orúkọ ìwé, ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, àti bóyá àwòrán rẹ̀ pé. A kò ní kí ẹnikẹ́ni gbé ìwé fún wa, ogún yín ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti pinnu láti tà á, kó kọ́kọ́ ránṣẹ́ pè wá. Iye tí oníbébà bá fẹ́ san, àwa náà á san án lọ́jọ́ náà gan-an.