Akatanpó àti Àtàǹpàkò Ọdẹ

Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni a ti mọ Ìkòyí-Ilé sí ìlú àwọn tafàtafà. Àwọn Ẹ̀ṣọ́ ayé Ọ̀yọ́ àtijọ́, tí orúkọ Ìkòyí kò ṣe é yà kúrò lára tiwọn, kà á sí ẹ̀gàn ńlá pé kí a bá ọgbẹ́ ní ẹ̀yìn jagunjagun. Iwájú nìkan ni ọgbẹ́ ti ní iyì lójú wọn. Ṣùgbọ́n ọgbẹ́ kan wà tí iwájú ni ó ti ń wá, tí kò sì ní iyì kankan nínú: èyíinì ni ọgbẹ́ tí ohun ìjà ọdẹ dá sí ara ọdẹ fúnra rẹ̀. Ó yẹ kí àwọn ọdẹ ilẹ̀ Oríire ro èyí jinlẹ̀ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó wọlé, nígbà tí a ó sun ìgbẹ́, tí ìbọn yóò sì máa dún káàkiri.

Ẹ wo akatanpó. Kì í ṣe rọ́bà tí àwọn ọmọdé fi ń ta ẹyẹ ni a ń wí, bí orúkọ tilẹ̀ pa wọ́n pọ̀, bí kò ṣe ọrun tí a dè ní ìbú mọ́ orí igi tí ó rí bí ìdí ìbọn, tí ọsán rẹ̀ há sí ojú igi náà títí a ó fi tú u sílẹ̀. Ní 1909, Henry Balfour, olùtọ́jú ilé ohun àtijọ́ Pitt Rivers ní Oxford, kọ̀wé pé láti ọwọ́ àwọn òyìnbó tí ń ṣòwò ní etí òkun ni irú ọrun yìí ti dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní ilẹ̀ òyìnbó pàápàá ẹ̀rù rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àpéjọ àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Lateran, ní Róòmù, fi ẹni tí ó bá ta á sí Kristẹni gégùn-ún ní 1139. Àwọn ọmọ ogun kò pa òfin náà mọ́.

Akatanpó tí àwọn ọdẹ Amẹ́ríkà ń lò nísinsìnyí le gidigidi. A kò lè fa ọsán ọ̀pọ̀ nínú wọn láìlo agbára tí ó tó pọ́n-ùn 150 títí dé 200, bẹ́ẹ̀ ni àpò sìmẹ́ǹtì kan kò ju pọ́n-ùn 110 lọ. Nítorí náà wọ́n fi irin kan sí iwájú rẹ̀ tí ọdẹ ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀, àti okùn ìfà tí ó dín wàhálà náà kù sí ìdajì. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, bí ọsán bá ti há, ìdènà kan yóò fúnra rẹ̀ bọ́ sí àyè, ìka kì yóò sì lè ta ọfà títí ọdẹ yóò fi mọ̀ọ́mọ̀ ṣí i. Òmíràn wà tí kò jẹ́ kí ọsán fò nígbà tí kò sí ọfà níbẹ̀, nítorí akatanpó tí a ta lófìfo lè fọ́ yángá sí ojú ẹni. Ṣùgbọ́n èyí tí ó wúlò jù kò ní ẹ̀rọ kankan nínú: etí pẹlẹbẹ bí ìyẹ́, ní ibi tí ọwọ́ ti ń di igi mú, kí àtàǹpàkò má baà yọ sókè sí ojú ọ̀nà ọsán. Ọsán tí ó ń ta ọfà ní ẹsẹ̀ bàtà 300 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan kò ní dúró bèèrè ẹni tí ó ni àtàǹpàkò. Yóò gé e.

(Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé nítorí akatanpó kì í dún, òun lè gbé e wọ ọgbà ẹranko Ọ̀yọ́-Ilé, tí ìjọba àpapọ̀ sọ di tirẹ̀ ní 1991. Ọdẹ ṣíṣe jẹ́ èèwọ̀ níbẹ̀, ìbáà ṣe ìbọn tàbí ọfà.)

Àwọn kan yóò wí pé ojo ni ọdẹ tí ń fẹ́ ìdènà lára ohun ìjà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ asán ni. Ẹni tí ó ṣe etí yẹn kò ka ọdẹ sí òmùgọ̀. Ó rò ó pé òru ni, pé òjò ti pa ọdẹ, pé oorun ń kùn ún, pé etu sì yọ lójijì. Irú ìrònú yìí ni ó ṣọ̀wọ́n lára ṣakabùlà. Bí a bá ti ki ẹ̀tù àti ọta sínú rẹ̀, ó ṣòro láti tú u. Nítorí náà ọdẹ a gbé e kọ́ sára ògiri pẹ̀lú ẹrù nínú, títí ọmọ yóò fi na ọwọ́ sí i ní ọjọ́ kan.

Àtúnṣe èyí kò gba owó púpọ̀. Bí ìbọn bá jẹ́ ti olókùúta, kí a gbọn ẹ̀tù inú àwo kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dànù, kí a sì fi awọ bo irin tí òkúta ń ṣá, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ ogun òyìnbó ti ń ṣe láyé àtijọ́. Bí ó bá jẹ́ èyí tí ń lo ìdérí bàbà, kí a yọ ìdérí náà kí a tó dé abúlé. Èyí kò sọ ìbọn di igi lásán, nítorí ẹrù ṣì wà nínú rẹ̀. Ọgbọ́n àwọn alákatanpó dára jù, àwọn tí ń ta ọfà kan sí ilẹ̀ rírọ̀ kí wọ́n tó padà sílé. Ọdẹ tí ó bá ń ṣírò owó ẹ̀tù tí yóò ṣòfò, kí ó ṣírò owó ìtọ́jú ọmọ pẹ̀lú.

Ní ti irin tí ó yẹ kí ó yí ibi ìfàka ká, kí ewéko tàbí okùn àpò má baà fà á, kò sí alágbẹ̀dẹ ní Ìkòyí tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò lè rọ ọ́. Olùrà ni kò bèèrè. Bí olùrà mẹ́ta bá kọ ìbọn tí kò ní in, ti ẹ̀kẹrin yóò ní in.