Ojú Ogun ni Ìdájọ́ Ohun Ìjà

Àwọn kan ṣì ń yin Tiger, ọkọ̀ ìjà onírin ti Jámánì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì: wọ́n ní irin rẹ̀ nípọn, ọta rẹ̀ sì ń dá irin lu. Àwa kò jiyàn. Ṣùgbọ́n mélòó ni ó dé ojú ìjà? Ó wúwo tó tọ́ọ̀nù 57. Ó ń jẹ epo púpọ̀, ó sì ń bàjẹ́ lọ́nà. Láti 1942 dé 1944, kò pé 1,400 tí wọ́n rọ. Sherman ti Amẹ́ríkà kò le tó o, ṣùgbọ́n ó rọrùn láti tún ṣe, èyí tí wọ́n rọ sì lé ní 49,000. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Ìjọba tí ó bá ra ohun ìjà nítorí òkìkí, ẹ̀mí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ni yóò fi san gbèsè náà.